Oògùn Tí Rísíkàt Fi Ṣe Sàárà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Oòrùn mú lọ́jà Kuje débi pé àwọn ajá pàápàá ti wá abẹ́ tábìlì lọ. Ṣítù ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ìsọ̀ rẹ̀ níbi tó ti ń ta àpò ìdọ̀họ àti okùn. Kò tíì jókòó tó fi gbọ́ ohùn àbúrò rẹ̀ obìnrin láti òkèèrè.

"Ẹ wá gba tiyín o! Ẹ má jẹ́ kí n gbé e délé!"

Ṣítù mí kanlẹ̀. Bí Rísíkàt bá ti ń pariwo báyìí, ibi tí èrò pọ̀ sí ló ti ń bọ̀ nìyẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ṣófo.

Ìsọ̀ ata gbígbẹ ni ti Rísíkàt, ó fara ti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni àwọn méjèèjì ti jọ ń tajà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí wàlímọ̀, kò sí ìpàdé òṣèlú tí Rísíkàt lọ tí kì í pín ohun tó bá gbà níbẹ̀. Bí wọ́n bá fún un ní búrẹ́dì kan, ọ̀nà mẹ́fà ni yóò gé e sí. Sàárà ló ń pè é. Ó ní ohun tí Ọlọ́run bá fi ta èèyàn lọ́rẹ láàárín èrò, ẹni tí kò ráyè lọ ní ìpín níbẹ̀. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ yìí, fìlà funfun ló dé lé gèlè, wọ́n ya abẹ̀bẹ̀ aláwọ̀ ewé sí iwájú rẹ̀. Àmì Ẹgbẹ́ Alábẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ìbò káńsù ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ náà sì fi ń kó èrò jọ láti wọ́ọ̀dù dé wọ́ọ̀dù: wọ́n ní owó ìtọ́jú ti pọ̀ jù, àwọn ni àwọn máa bá mẹ̀kúnnù gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrun o. Ẹ gba tiyín."

Bébà funfun kan tí wọ́n ká pọ̀ ló nà sí i. Ṣítù tú u. Hóró oògùn méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n rí roboto.

"Kí lèyí?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pín in. Dókítà ẹgbẹ́ wọn ìfúnpá wa lábẹ́ àtíbàbà."

"Ta ló sọ fún ọ pé mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru?"

"Ẹni tó ń bínú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ bíi tiyín yìí, ṣé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á jókòó sójú kan ni?"

Ìyá Abdulqoyum tó ń ta àlùbọ́sà lọ́ọ̀ọ́kán bú sẹ́rìn-ín. Ṣítù kò rẹ́rìn-ín.

"Mélòó ni wọ́n fún ọ?"

"Mẹ́rìnlá."

"Mélòó ló kù?"

Rísíkàt bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka. "Ìyá Abdulqoyum gba mẹ́ta, torí ẹni méjì ni, òun àti ọmọ tó wà nínú rẹ̀. Màmá Shalom gba méjì. Kenny tó ń tún fóònù ṣe gba méjì fún ìyá rẹ̀. Bàbá Onígàárì gba méjì. Tiyín rèé. Mẹ́ta ló kù fún mi."

"Rísíkàt, oògùn ni, kì í ṣe mọ́sà."

"Ohun tí a bá rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, a kì í dá a jẹ, Ẹ̀gbọ́n."

"Tìrẹ tí wọ́n kọ fún ọ ní ọsibítù ńkọ́? Èyí tó o máa ń lò láràárọ̀?"

Rísíkàt bẹ̀rẹ̀ sí í to ata tó ti tò tẹ́lẹ̀. "Mo ti dá a dúró."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ ò mọ iye tí páálí kan ti dà ni? Saeed ní kí n fara dà á díẹ̀. Tí wọ́n bá ti wọlé báyìí, ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wò ó."

Ó yọ káàdì kan tó ń dán látinú pọ́ọ̀sì rẹ̀. KÁÀDÌ ÀLÀÁFÍÀ ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. Orúkọ Rísíkàt wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, àwòrán olùdíje sì wà níbẹ̀, ó tóbi ju orúkọ àti nọ́ńbà lọ.

"Kí lo fún wọn kí wọ́n tó fún ọ ní èyí?"

"Kò sí o. Káàdì ìdìbò mi nìkan ni wọ́n gbà."

"Wọ́n gbà á lọ?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi kọ orúkọ wa sílẹ̀. Tí ìbò bá ti ku ọ̀la, wọ́n á kó o padà fún wa."

Ṣítù ṣí fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ bínú sí.

"Lóṣù tó kọjá," ó ní, "nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní ká kọ orúkọ fún ètò adójútòfò ìlera, ta ló kọ́kọ́ nawọ́?"

"Ínṣọ́ránsì yẹn? Èmi ni."

"Ta ló tún ní kí wọ́n yọ òun kúrò?"

"Èmi náà ni. Ìyẹn, a máa sanwó sí i. Èyí, ọ̀fẹ́ ni. Kí ni mo fẹ́ fi méjì ṣe?"

Ibi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ náà ni Saeed bá wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú ni Saeed. Òun ni olórí àwọn ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ Alábẹ̀bẹ̀ ní wọ́ọ̀dù náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí eruku.

"Bàbá, ẹ kú ọjà o."

"Dìde. Saeed, káàdì tí ẹ ń pín yìí, ilé ìwòsàn wo ló ti gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí?"

"Bàbá, a ò tíì dórí àléfà. Ṣùgbọ́n ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Orúkọ ilé ìwòsàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀."

"Mo ti kà á. Ṣé àwọn ilé ìwòsàn náà mọ̀ pé àwọn wà níbẹ̀?"

Saeed rẹ́rìn-ín bí ẹni tí bàbá ń bá ṣeré. Nígbà tó rí i pé bàbá kò bá òun ṣeré, ó gbójú le.

"Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, Bàbá. Ṣé irọ́ ni pé ìtọ́jú ti wọ́n jù? Obìnrin ń rọbí, wọ́n ní kó lọ mú owó wá ná. Ẹni tí ìgbẹ́ ọ̀rìn ń yọ lẹ́nu ń yá owó ra oògùn. Ẹgbẹ́ wo ló tún ń sọ ọ́ síta bíi tiwa?"

 Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, ohun tó sì dun Ṣítù jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Òótọ́ ni wọ́n fi ń ta ayédèrú.

"Mi ò bá ọ jà pé o ní ó wọ́n," ó ní. "Mo mọ̀ pé ó wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ."

Ó kọjú sí okùn rẹ̀, ó ń ká a.  Gbogbo wọn ló mọ̀ pé oṣù mọ́kànlá péré sẹ́yìn ni wọ́n sin Ìyá Yàhàyá, aya rẹ̀. Ó ká àwọn hóró oògùn méjèèjì padà sínú bébà wọn, ó jù wọ́n sápò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e ni múdù tí Rísíkàt fi ń wọn ata bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà rò pé ó yọ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá a ṣa ata, ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé ẹnu Rísíkàt ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n," Rísíkàt ní, ọ̀rọ̀ náà sì ń fà bí ẹni tí oyin kún lẹ́nu. "Orí mi."

Ṣítù fo tábìlì. Ọmọ Gwari kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa já èrò inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Kai! Baba, sànnu, sànnu," ó ń kí wọn pẹ̀lẹ́ lédè Hausa, ó sì bá wọn gbé e wọlé. Saeed sáré dé láti ìsọ̀ rẹ̀.

"Ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé ló sún mọ́ wa," Ṣítù ní.

"Rárá, Bàbá! Káàdì! Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tó wà lẹ́yìn káàdì ni ká gbé e lọ. Dókítà ńlá ló wà níbẹ̀. Wọn ò ní gba kọ́bọ̀."

Ṣítù wo àbúrò rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan tó ṣì ń gbéra ti wọ inú pọ́ọ̀sì, ó ti fa káàdì náà yọ, ó ń nà án sí òun bí ọmọdé tó ń na ohun ìṣeré. Kò lè sọ fún un pé kó mú un kúrò níbẹ̀. Ó ní kí oníkẹ̀kẹ́ máa lọ síbi tí Saeed wí.

Wọ́n kọjá ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé. Ṣítù rí pátákó rẹ̀ bó ṣe ń kọjá.

Ní ilé ìwòsàn aládàáni náà, ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì yí káàdì náà síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Kí lèyí, sà?"

"Káàdì Àlàáfíà," Saeed ní.

"Ti iléeṣẹ́ wo?"

"Ti Ẹgbẹ́ Alábẹ̀bẹ̀."

Ọmọbìnrin náà pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá kò tilẹ̀ gba káàdì náà mú. "Èyí ni ìkẹfà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá," ó ní. "Àwa náà ń wá ẹni tó fi orúkọ wa sórí rẹ̀. A ò bá ẹgbẹ́ kankan ṣe àdéhùn. Dókítà wa sì ti lọ síbi iṣẹ́ abẹ ní Gwarinpa. Ẹ má fi àkókò ṣòfò níbí o, ẹ gbé màmá lọ síbi tí wọ́n á ti dá wọn lóhùn."

Saeed pe alága ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Fóònù dún títí, wọn ò gbé e. Ó tún un pè, wọ́n pa á. Ó dúró, ó ń wo fóònù náà.

"Gbé fóònù yẹn sápò," Ṣítù ní, "kó o bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀."

Bí wọ́n ṣe padà sí ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé nìyẹn, ibi tí wọ́n ti kọjá ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ló wà lẹ́nu iṣẹ́, obìnrin Kàbbà kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó wọn ìfúnpá Rísíkàt, ó tún un wọ̀n. Ó lé ní igba lórí ọgọ́fà. Ó ń ṣiṣẹ́ ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ó bì, oògùn wo ló ń lò. Ó ti ránṣẹ́ sí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba, ó ti ń kọ lẹ́tà tó máa bá a lọ. Nafisah, ọmọ Rísíkàt, ti sáré dé, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Mo ní oògùn wo ló ń lò?"

Ṣítù ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú bébà funfun náà jáde. "Irú èyí ló lò kẹ́yìn. Ó ti dá tirẹ̀ gan-an dúró."

Nọ́ọ̀sì tú bébà náà. Ó wo Saeed tó ṣì dé fìlà alábẹ̀bẹ̀. "Kí lorúkọ oògùn yìí?"

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Mà."

"Orúkọ rẹ̀ ni mo bi ọ́. Páálí rẹ̀ dà? Nọ́ńbà NAFDAC rẹ̀ dà? Ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán dà? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó bá ẹnì kan lára mu lè gbé ẹlòmíràn ṣubú. Àwọn kan wà níbẹ̀ tí aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn rárá, ó máa ṣe ọmọ inú rẹ̀ léṣe."

Ṣítù dìde. 

"Ìyá Abdulqoyum," ó ní.

"Ta nìyẹn?"

"Aláboyún ni. Hóró mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí lẹ wá ń wò mí sí?" Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ ní. "Èmi àti Nafisah máa tẹ̀lé Màmá yìí. Ẹ lọ!"

"Saeed," Ṣítù ní, "ìwọ lo bá wọn pín in. O máa bá mi gbà á padà."

Inú kẹ̀kẹ́ ni Saeed ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Bàbá, mi ò mọ̀. Mo búra, mi ò mọ̀. Mo rò pé a ti bá àwọn ilé ìwòsàn náà sọ̀rọ̀ ni."

"O ò bèèrè."

"Mi ò bèèrè."

Ṣítù gbójú sí ọ̀nà. "Èmi náà kò bèèrè. Lásìkò ìbò tó kọjá, ẹgbẹ́ mìíràn ló wá, kì í ṣe tiyín. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ọ̀fẹ́ ń bọ̀ fún gbogbo obìnrin Kuje. Ìyá Yàhàyá ní ká lọ ṣe tòun, pé òun ti rí owó rẹ̀ kó jọ. Mo ní kó dúró, kó fi owó náà ra ọjà. Ó dúró títí a fi sin ín."

Saeed fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. 

Kenny ni wọ́n kọ́kọ́ bá. Ó ní ìyá òun ti lo méjèèjì, ó sì ti ń sùn láti òwúrọ̀. "Sùn ni àbí ó dákú?" Ṣítù bi í. Kenny da àwọn fóònù tó wà níwájú rẹ̀ sínú àpò, ó sáré lọ sílé láti gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú. Bàbá Onígàárì ti jù tirẹ̀ sínú fìlà, ó ní òun ń dúró dìgbà tí àìsàn bá dé. Wọ́n gbà á.

Màmá Shalom kò fẹ́ fi tirẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Yàhàyá, láti ìgbà wo la ti ń gba sàárà padà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ."

"Òní la bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ tún lè fún mi ní nǹkan míì dípò."

"Màmá Shalom, ẹni tó fún ọ ń dùbúlẹ̀ nínú ọkọ̀ ọsibítù lọ́wọ́ yìí. Mú un wá!"

Kò tíì gbọ́ kí Ṣítù pariwo rí láti ọdún tí wọ́n ti jọ ń tajà. Ó mú un wá.

Ìsọ̀ Ìyá Abdulqoyum ṣófo. Wọ́n ní kò wá sọ́jà lónìí. Wọ́n gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé rẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n bá a, ó na ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ife omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lórí ọmọrí ife.

"Ẹ káàbọ̀ o, Bàbá Yàhàyá. Ẹ bá mi jókòó. Mo fẹ́ lo oògùn yìí kí n tó dìde kí yín."

Saeed ti gbá ọmọrí ife náà mú kó tó sọ ọ́ tán.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí! Orí ń fọ́ mi láti àná, ojú mi ń ṣú, ẹsẹ̀ mi rèé. Rísíkàt ní ó dáa fún un. Kí wá ni kí n lò?"

"Torí gbogbo ohun tó o kà yìí gan-an ni nọ́ọ̀sì ṣe wà ní ilé ìtọ́jú," Ṣítù ní. "O ti lọ forúkọ oyún yìí sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Káàdì Àlàáfíà ló máa..."

"Dìde, ìwọ obìnrin yìí. Jọ̀ọ́. Dìde."

Ìfúnpá tirẹ̀ náà ti ga púpọ̀. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀. Ọmọ obìnrin ni, ó kéré, ṣùgbọ́n ó yè. Dókítà sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ká ní wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ kan sí i, ọ̀rọ̀ náà ì bá yàtọ̀. Ìyá Kenny náà gbádùn lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ìfúnpá rẹ̀ kò ga tẹ́lẹ̀, oògùn náà ló fà á wálẹ̀ jù.

Rísíkàt lo ọjọ́ mọ́kànlá lórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo owó náà, láti orí abẹ́rẹ́ dé orí bẹ́ẹ̀dì, àpò wọn ló ti jáde. Ṣítù ta ìdajì àpò ìdọ̀họ rẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Nígbà tí Rísíkàt padà sọ́jà, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ tán, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ kò lè di ẹnu àpò ata mọ́. Ṣítù ló ń bá a dì í.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e ni ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Wọ́n pe Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀ kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí olùdíje Ẹgbẹ́ Alábẹ̀bẹ̀ fi wọlé pẹ̀lú èrò rẹ̀, wọ́n ń pín abẹ̀bẹ̀, wọ́n gbé páálí káàdì tuntun dání. Ó ní òun gbọ́ pé ara ìyá àwọn kan kò yá, òun wá kí wọn ni.

Saeed dìde. Kò dé fìlà. "Ẹ kú àbọ̀, sà. Mo ní ìbéèrè. Àwọn ilé ìwòsàn tó wà lẹ́yìn káàdì yìí, ta ló bá wọn ṣàdéhùn? Ibo ni ìwé àdéhùn náà wà? Ta ló ń sanwó fún wọn? Dókítà tó wà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, kí lorúkọ rẹ̀?"

Olùdíje rẹ́rìn-ín. "Saeed, ọmọ wa ni ọ́. A máa jókòó sọ̀rọ̀ yẹn ní kọ̀rọ̀."

"Níbí ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́." Rísíkàt ló sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń fà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn tẹ́tí sí i. "Gbangba lẹ ti fún mi."

"Ìyá mi, tá a bá ti wọlé, a máa gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀..."

"Káàdì ìdìbò wa dà?" obìnrin kan bèèrè láti ẹ̀yìn.

"Wọ́n wà lábẹ́ àbò."

"Ọwọ́ mi ni mo fi kó wọn fún yín," Saeed ní. "Bí wọn ò bá dé kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, èmi àti àwọn ìyá wọ̀nyí máa lọ sọ fún àjọ elétò ìdìbò àti ọlọ́pàá, mo sì máa kọ́kọ́ dárúkọ ara mi."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n kó àwọn káàdì náà dé nínú àpò ike. Rísíkàt wá tirẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́, ó ní kó dá orúkọ òun padà sínú ìwé adójútòfò ìlera, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ òun ni àkọ́kọ́. Akọ̀wé sọ fún un pé ó ní iye ọjọ́ tó máa dúró kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àǹfààní rẹ̀. "Ká ní mo wà níbẹ̀ látìgbà yẹn ńkọ́?" ó bèèrè. Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará Kuje, Abaji, Gwarinpa àti gbogbo àyíká, ẹ gbọ́. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá ní ìtọ́jú ti wọ́n jù, òótọ́ ló sọ, ẹ má bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é, níbo, láti ọjọ́ wo, pẹ̀lú owó ta. Bí kò bá lè dáhùn ní gbangba, ẹ má gbà á. Káàdì tí ẹgbẹ́ bá fún yín, ẹ kọ́kọ́ mú un lọ bi ilé ìwòsàn tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ nígbà tí ara yín le, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ń gbé aláìsàn. Káàdì ìdìbò yín, ẹ má fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe fún alẹ́ ọjọ́ kan. Òfin kò fi àyè gba kí ẹnikẹ́ni máa rà á tàbí kó o jọ.

Ẹni tí dókítà bá kọ oògùn fún, kó máa lo èyí tó kọ fún un. Bó bá wọ́n jù, kó padà lọ sọ fún wọn, wọ́n lè mọ èyí tó rọjú tó máa ṣe iṣẹ́ kan náà. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀. Oògùn tí kò ní páálí, tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ má fi sẹ́nu, ẹ má sì fi ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ. Aláboyún tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ẹsẹ̀ tàbí ojú rẹ̀ wú, kó gba ilé ìtọ́jú lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá wọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò bá gbéra mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń fà, ẹ gbé e lọ sí ibi ìtọ́jú tó sún mọ́ yín jù. Ẹ má fi ìṣẹ́jú kan wá ibi ọ̀fẹ́.

Ẹ bèèrè ètò adójútòfò ìlera ní ilé ìtọ́jú alábọ́ọ́dé àdúgbò yín. Ẹ bèèrè iye tí ẹ máa san, ohun tó kó mọ́ra, àti ohun tí kò kó mọ́ra. Bí ẹ bá wà nínú ẹgbẹ́ ọlọ́jà tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ jọ lọ. Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ ìbò, ẹ fi káàdì yín dìbò fún ẹni tó bá wù yín.

Ìbò ní ọjọ́ tirẹ̀ lórí kàlẹ́ńdà. Àìsàn kì í wo kàlẹ́ńdà kó tó dé.